Aṣọ wo ló yẹ fún eré ọ̀nà jíjìn nígbà òtútù?

Ẹsẹ̀Yá_Leeds:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mò ń múra fún máratọ́ọ̀nù London ti oṣù kẹrin, ìdí nìyẹn tí eré gígùn òwúrọ̀ Sátidé fi bọ́ sí àárín òtútù Leeds gan-an. Ojú ọjọ́ níbí máa ń wà láàárín dígírì -3 sí 7, òjò wẹ́wẹ́ kì í sì í jìnnà. Eré tí mò ń sọ yìí jẹ́ kìlómítà 22 sí 30, ní ìṣẹ́jú 6 àtààbọ̀ fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan.

Bí mo bá wọ aṣọ tó nípọn, òógùn á ti bò mí kí n tó dé kìlómítà 5. Bí mo bá wọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òtútù á wọ eegun láti kìlómítà 18 lọ. Àwọn ìka ọwọ́ mi ló burú jù, ńṣe ni wọ́n máa ń kú tipiri. Kí ni kí n máa wọ̀, kí ni kí n máa gbé dání, báwo ni mo sì ṣe máa mọ èyí tó yẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan? Ó tún ku òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje fúnra rẹ̀, nítorí a máa dúró pẹ́ kí wọ́n tó ní ká máa lọ.

Bàbá_Kìlómítà:

Ẹ kú ìmúra o. Ohun tó ń bá yín jà ju òtútù lọ, omi ni. Ẹni tó wọn kílò 70 tó ń sá kìlómítà 10 ní wákàtí kan ń jó nǹkan bíi kálórì 700 láàárín wákàtí yẹn, ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń yà sí. Ooru kò wọ́n ẹni tó ń sáré. Àmọ́ bí òógùn bá ti rin aṣọ, omi inú aṣọ náà á máa fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ṣe lè fà á. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé kìlómítà 18, ó ti ń rẹ ẹsẹ̀, eré ti falẹ̀, ooru tí ara ń pèsè ti dín kù, bẹ́ẹ̀ aṣọ ti tutù láti kìlómítà 5. Aṣọ àwọ̀jù tí ẹ fi jáde nílé ló ń fìyà jẹ yín níparí.

Òfin kan wà lọ́wọ́ àwọn eléré ìje: kí ẹ múra bí ẹni pé ojú ọjọ́ fi dígírì 10 gbóná ju bó ṣe wà lọ. Bó bá jẹ́ 2, aṣọ tí ẹ máa fi rin gbẹ̀rẹ̀ ní dígírì 12 ni kí ẹ wọ̀. Ó yẹ kí òtútù mú yín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́. Bí ara bá ti móoru lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bọ́ ẹyọ kan sílẹ̀ kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ má fi aṣọ òwú kan awọ rárá, ìbáà ṣe síngílẹ́ẹ̀tì, pátá tàbí ìbọ̀sẹ̀. Òwú á mu omi, á dì í mú, á sì lẹ̀ mọ́ yín lára. Ẹ ka àkọlé inú ọrùn aṣọ, kí ẹ wá pọ́líẹ́sítà tàbí irun àgùntàn merino. Ẹ ṣọ́ra fún viscose, tí wọ́n tún ń kọ ní rayon. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń tà fún òtútù, ó sì dára fún ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ń mu omi bí òwú ni. Pọ́líẹ́sítà kò wọ́n, ó sì máa ń tètè gbẹ. Kìkì pé ó máa ń rùn. Merino wọ́n, ó sì ń pẹ́ kó tó gbẹ, ṣùgbọ́n bó tutù, ó ṣì máa ń móoru díẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lowó ká, tí eré yín sì ń ju wákàtí 2 lọ nínú òjò wẹ́wẹ́, merino ni kí ẹ rà. Kó fún mọ́ ara dáadáa, nítorí aṣọ tó bá ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ kò lè fa òógùn kúrò lára.

Fún ojú ọjọ́ tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, báyìí ni mo ṣe máa tò ó. Bó bá ju dígírì 5 lọ, ẹ̀wù alápá gígùn kan tó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ àti táìtì (ṣòkòtò eré tó fún mọ́ ẹsẹ̀) tàbí ṣòkòtò péńpé. Láàárín 0 sí 5, ẹ fi ẹ̀wù aláìlápá tó ń dí afẹ́fẹ́ lé ẹ̀wù alápá gígùn yẹn, kí ẹ wọ táìtì gígùn, kí ẹ sì so aṣọ tó bo etí. Bó bá ti wọ ìsàlẹ̀ òdo, ẹ̀wù kejì tó ní síìpù lọ́rùn ló kàn, ẹ dé fìlà, ẹ kó buff, ìyẹn aṣọ róbótó fẹ́lẹ́ tó ń bo ọrùn, sọ́rùn. Apá òkè ara là ń fi kún. Táìtì ẹyọ kan ṣì tó fún ẹsẹ̀ títí di bíi -7, torí ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Síìpù ọrùn yẹn ni fèrèsé aṣọ. Ẹ ṣí i kí ẹ tó gun òkè, kí òógùn tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fà á sókè bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá dúró de ìgbà tí aṣọ rin kí ẹ tó ṣí i, ó ti bọ́.

Ẹsẹ̀: ìbọ̀sẹ̀ merino ẹyọ kan. Ẹ má wọ méjì sínú bàtà kan náà. Á há ìka ẹsẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráàyè dé ibẹ̀, wọ́n á wá tutù ju ti ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ. Bàtà Gore-Tex, èyí tí aṣọ ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi wọlé, dára lórí yìnyín gbígbẹ. Lójú ọ̀nà tí omi ti rọ́gún, omi á gba ẹnu bàtà wọlé, kò sì ní rí ibi jáde. Fún Leeds, bàtà lásán tí omi lè yára ṣàn jáde nínú rẹ̀ ló sàn jù.

Etí_Adágún_Chicago:

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Bàbá sọ. Afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ fi kún un, torí òun ló ń sọ nọ́ńbà tó wà lójú fóònù di irọ́. Ọ̀nà asáré létí adágún Michigan níbí gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 30, kò sì sí ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ lójú rẹ̀.

Ìṣirò tí Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ ń lò láti ọdún 2001 sọ pé bí ojú ọjọ́ bá wà ní 0, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, bíi -5 ló máa rí lára awọ tó ṣí sílẹ̀. Dígírì -5 pẹ̀lú afẹ́fẹ́ 30 máa dà bíi -13. -10 pẹ̀lú 30 máa dà bíi -20. Bó bá ti dé -28 nínú ìṣirò yìí, ìṣẹ́jú 10 sí 30 péré ti tó fún awọ tó ṣí sílẹ̀ láti dì. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, orí treadmill, ẹ̀rọ tí a ń sáré lórí rẹ̀ nínú ilé, ni ká wà. Ẹ má gbàgbé pé eré yín fúnra rẹ̀ jẹ́ afẹ́fẹ́: ẹni tó ń sá kìlómítà 10 ní wákàtí kan, tó kọjú sí afẹ́fẹ́ 20, afẹ́fẹ́ 30 ló ń lù ú.

Nítorí náà, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ kí ẹ tó jáde, kí ẹ kọjú sí i ní ìdajì àkọ́kọ́ nígbà tí aṣọ ṣì gbẹ. Tó bá di àbọ̀, kó máa ti yín lẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣe é lódìkejì á fi aṣọ tó rin gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ pàdé afẹ́fẹ́ lásìkò tó rẹ̀ ẹ́ jù.

Iwájú ara ni afẹ́fẹ́ ń lù, nítorí náà iwájú nìkan ló nílò aṣọ tó ń dí i. Jákẹ́ẹ̀tì tó dára máa ń ní aṣọ líle níwájú àti aṣọ fẹ́lẹ́ oníhò wẹ́wẹ́ lẹ́yìn, kí ọ̀rinrin lè jáde. Aṣọ òjò tó jẹ́ rọ́bà látòkè délẹ̀ á se òógùn mọ́ra, abẹ́ rẹ̀ á wá tutù bí ìta. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ wá pátá tó ní aṣọ adífẹ́fẹ́ níwájú. Ibẹ̀ lè dì kí ẹ tó mọ̀, ìrora rẹ̀ kò sì kéré.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìka. Ìbọ̀wọ́ tó kó gbogbo ìka sínú àpò kan móoru ju èyí tó ya ìka sọ́tọ̀ lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ sínú, kí ẹ fi alápò tó ń dí afẹ́fẹ́ lé e. Bí ọwọ́ bá ti gbóná, ẹ bọ́ tòkè sápò. Inú ilé ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́. Bí ìka bá ti tutù tán, ara á ti fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ síbẹ̀, ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá wọ̀ lẹ́yìn náà kò ní rí ooru kankan pa mọ́. Ẹ tún yẹ àyà wò: bí àyà bá tutù, ìka ni ara kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀wù adífẹ́fẹ́ ló ń wo ìka sàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú ní pàtàkì. Ìwádìí láàárín àwọn ọmọ ogun Britain àti Amẹ́ríkà fi hàn pé òtútù máa ń ṣe ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláwọ̀ dúdú léṣe ju ti aláwọ̀ funfun lọ, kódà nígbà tí wọ́n jọ wà níbì kan náà. Àwòrán awọ pupa tàbí funfun tó wà nínú ìwé ìlera kì í sì í bá tiwa mu. Lára wa, ẹ máa wò ó bóyá ibẹ̀ ń ṣe eérú, bóyá ó le, bóyá ó ń dán bí àbẹ́là, àti pàápàá bóyá ẹ kò mọ nǹkan kan lára níbẹ̀ mọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wọlé. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì tì í bọ omi gbígbóná. Ẹ fi sí abíyá tàbí sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi dígírì 37 sí 39. Bí ìka yín bá sì ń kú báyìí nígbàkúùgbà, kódà ní dígírì 8 tàbí 10, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò bóyá Raynaud ni, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ìka fún jù nínú òtútù.

Òrí àti fasilíìnì dára fún ètè àti ojú tó ń ya, ṣùgbọ́n wọn kì í dá dídì awọ dúró. Aṣọ la fi ń bo ojú.

Àgbà_Calgary:

Mo fẹ́ tako òfin dígírì 10 yẹn díẹ̀. Ó bá ẹni tó ń sáré kíkankíkan fún wákàtí kan àtààbọ̀ mu. Ẹni tó ń sá kìlómítà 30 ní ìṣẹ́jú 6 àtààbọ̀ máa wà níta fún wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 15, eré ìrọ̀rùn ni, ooru rẹ̀ kò tó ti ẹni yẹn. Dígírì 5 sí 7 ni kí ẹ fi kún un, kí ẹ sì gbé jákẹ́ẹ̀tì adífẹ́fẹ́ tó ṣeé ká sínú ìkúùkù dání. Wọn kì í wúwo ju gíráàmù 100 sí 150 lọ. Kì í ṣe pé kí ẹ fi jáde nílé o. Kìlómítà 18 yẹn ni ìgbà rẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ kí ara tó gbọ̀n.

Ìbéèrè tí mo máa ń ní kí èèyàn bi ara rẹ̀ nìyí: bí ẹsẹ̀ mi bá yí ní ibi tó jìnnà sílé jù, ṣé aṣọ tó wà lára mi àti nínú àpò mi lè gbé mi rìn fún ìṣẹ́jú 30? Ooru eré á lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, òógùn kò sì ní bá a lọ.

Òjò ní dígírì 3 sì burú ju yìnyín gbígbẹ ní -5 lọ. Ẹ wo máratọ́ọ̀nù Boston ti ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2018: òjò ńlá, afẹ́fẹ́ tó kọjú sí wọn, ojú ọjọ́ bíi 3 sí 5. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ògbóǹtarìgì ló já sílẹ̀ lọ́nà. Desiree Linden tó gbégbá orókè láàárín àwọn obìnrin, jákẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ sá a. Èyí tó dunni jù ni ti Gansu ní Ṣáínà, ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2021, níbi ìdíje kìlómítà 100 lórí òkè. Òjò, yìnyín àti ìjì já lù wọ́n lójijì, èèyàn 21 sì kú. Jákẹ́ẹ̀tì adífẹ́fẹ́ kò sí lára ohun tí wọ́n sọ di dandan láti gbé dání. Inú oṣù karùn-ún ni o, kì í ṣe ìgbà òtútù.

Ẹ tún ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣe. Dípò kìlómítà 15 lọ, 15 bọ̀, ẹ sá 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ máa gba ẹnu ọ̀nà ilé yín kọjá. Ẹ fi ẹ̀wù gbígbẹ àti ìbọ̀wọ́ gbígbẹ sẹ́nu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú 3 ló máa gbà láti pààrọ̀ wọn ní kìlómítà 20. Bí ilé bá jìnnà, ẹ di ìbọ̀wọ́ kejì sínú nailọ́ọ̀nù. Fóònù kò gbọdọ̀ wà lápò ìta, torí òtútù ń tètè pa bátìrì. Inú àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni kó wà. Jẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ aládùn inú ọ̀rá tí asáré ń lá lójú ọ̀nà, náà máa ń le bí oyin tó dì, ẹ fi sínú ìgbànú táìtì kó lè fara kan awọ.

Ẹsẹ̀Yá_Leeds:

Ẹ ṣeun gan-an ni, àgbà á dalẹ́. Mi ò sọ pé obìnrin ni mí. Irun mi jẹ́ bráìdì tó nípọn, fìlà eré kò wọ̀ ọ́. Àbúrò mi tí a jọ ń sá a ń lo híjáàbù. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni mọ bí a ṣe máa ṣe é?

Màmá_Táíwò_Peckham:

Àbúrò mi, o kú ìnira. Má fipá mú fìlà. So bráìdì rẹ nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, kó má ṣe ga lẹ́yìn orí. Lẹ́yìn náà, so aṣọ fífẹ̀ tó bo etí àti iwájú orí. Títí di -2, ìyẹn tó. Àárín orí tó ṣí sílẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Má gba àwọn tó ń sọ pé ìdajì ooru ara ń gba orí jáde gbọ́, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Etí ló ń dì. Bí o bá fẹ́ dé fìlà, ra èyí tó ní ihò lẹ́yìn tí irun ń gbà yọ, kí o fi sátíìnì fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí irun àgùntàn má bàa jẹ irun iwájú rẹ.

Ewu bráìdì ni pé bí òógùn bá ti wọ̀ ọ́, ó lè gba wákàtí mélòó kan kó tó gbẹ, yóò sì máa da òtútù sí ọ lọ́rùn. Gbé tówẹ̀lì kékeré dání, fún un gbẹ lẹ́yìn eré, kí o tó wọ bọ́ọ̀sì.

Híjáàbù eré tó jẹ́ pọ́líẹ́sítà fẹ́lẹ́ wúlò púpọ̀ nínú òtútù. Kí àbúrò rẹ ki etí híjáàbù náà bọ ọrùn ẹ̀wù kó má bàa máa fẹ́, iṣẹ́ buff àti ìborí etí ti parí nìyẹn. Kó má fi fìlà lé e àfi bó bá wọ ìsàlẹ̀ òdo. Kó fi ti òwú sílẹ̀ nílé.

Kọ́mú ni aṣọ tó ń pẹ́ jù kó tó gbẹ, àyà sì ni afẹ́fẹ́ ń lù, nítorí náà òun ni kí o kọ́kọ́ bọ́ bí o bá ti dúró. Fi òrí tàbí fasilíìnì pa abẹ́ okùn rẹ̀, àárín itan àti abíyá kí o tó jáde; aṣọ tútù máa ń họ awọ ju gbígbẹ lọ. Láàárín ìṣẹ́jú 10 tí eré bá parí, kọ́mú àti ẹ̀wù gbígbẹ, ìborí gbígbẹ, lẹ́yìn náà ìbọ̀sẹ̀. Kí o tó na iṣan ni o, kí o tó ya fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ gbígbóná.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS láàárín yín, ẹ jọ̀ọ́, òtútù àti àìmu omi tó lè ru ìrora yẹn sókè. Ẹ bá àwọn dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ irú eré yìí.

Bí o bá ń fọ àwọn aṣọ wọ̀nyí, omi dígírì 30 ni, má sì lo ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀. Ó máa ń bo okùn aṣọ, aṣọ kò sì ní lè fa òógùn mọ́.

Bàbá_Kìlómítà:

Ó ku ọjọ́ ìdíje. Ní Greenwich, níbi tí máratọ́ọ̀nù London ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lè dúró ju wákàtí kan lọ lórí pápá. Ẹ wá súwẹ́tà àti ṣòkòtò òkìríkà tí ẹ kò ní bínú bí ẹ bá jù ú sílẹ̀. Wọ́n máa ń kó wọn jọ fún àwọn aláìní. Kó jẹ́ èyí tó ní síìpù níwájú, kó má bàa fa nọ́ńbà yín ya. Ẹ gé ihò orí àti apá sí nailọ́ọ̀nù dúdú ńlá tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ẹ wọ̀ ọ́ sókè bí òjò bá ń rọ̀. Ẹ tún mú nailọ́ọ̀nù kan tí ẹ máa jókòó lé, torí koríko òwúrọ̀ máa ń tutù. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ lè ṣe ìbọ̀wọ́ títí di kìlómítà 5. Ara ẹ̀wù tí ẹ kò ní bọ́ ni kí ẹ fi píìnì kan nọ́ńbà mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn sí òtútù nìkan. Lọ́dún 2018 yẹn kan náà, ọjọ́ 6 péré lẹ́yìn òjò Boston, máratọ́ọ̀nù London gbóná dé dígírì 24.1, kò sì tíì gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ di irú aṣọ méjì sínú báàgì: ẹ̀wù alápá gígùn pẹ̀lú táìtì, àti síngílẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, kí ẹ sì ti fi méjèèjì sáré rí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wo ojú ọjọ́ wákàtí tí ẹ máa parí eré, má wo ti aago tí ẹ máa gbéra nìkan. Láàárín aago 10 sí aago 3 ọ̀sán, London lè fi dígírì 6 tàbí 7 yí padà.